Ilé etí òkun: kí la lè kó sínú ẹ̀ tí iyọ̀ ò ní jẹ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí lọ́wọ́ àríyànjiyàn o. Èmi àti ọkọ mi ní ilé kékeré kan létí òkun, yàrá mẹ́ta àti pálọ̀ kan tó kọjú sómi tààrà. Ìgbà ìsinmi nìkan la máa ń lọ síbẹ̀, tá ò bá ti sí níbẹ̀ ńṣe la máa ń tì í pa. Ọkọ mi ní funfun àti búlúù ni gbogbo ilé etí òkun, ká sáà kùn ún bẹ́ẹ̀, ká gbé ìkarawun àti okùn kọ́ ara ògiri, ó parí. Èmi ní mi ò fẹ́ ilé tó jọ fọ́tò, igi ni mo fẹ́, mo fẹ́ àga téèyàn lè sùn lé pẹ̀lú aṣọ tútù lára. Owó ọwọ́ wa ò lè ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Káfíńtà wa sì ní MDF, pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, lòun máa fi ṣe kíṣìnì. Kí la máa kọ́kọ́ ṣe, kí la lè fi sílẹ̀ dọjọ́ iwájú, ta ló sì jàre nínú àwa méjèèjì?

* * *

Kò tíì sẹ́ni tó jàre, torí àwọ̀ lẹ̀yin méjèèjì ń bá ara yín fà, àwọ̀ ló sì rọrùn jù láti yí padà nínú ilé. Iṣẹ́ inú ilé ni mò ń ṣe, ilé ẹ̀bá òkun ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi onílé ni pé tí iyọ̀ bá bà lé nǹkan yìí lónìí, ta ló máa nù ún kúrò, ìgbà wo ló sì máa nù ún? Ilé tẹ́ ẹ máa ń tì pa, ẹ ti mọ ìdáhùn, kò sẹ́nì kankan tó máa nù ún. Ibẹ̀ yẹn ni kí gbogbo ètò yín ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wò ó, ìgbì tó ń fọ́ létí omi ló ń tú ẹ̀kán omi wẹ́wẹ́ sínú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ á gbé e wọlé, omi inú ẹ̀ á gbẹ, iyọ̀ á ṣẹ́kù sára ògiri, sára kọ́tìnì, sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì iná. Iyọ̀ yẹn ò jókòó lásán o. Ó ń fa omi mọ́ra látinú afẹ́fẹ́, tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti tó nǹkan bíi 75%, iyọ̀ náà á yọ́ di omi fúnra ẹ̀. Òun ló fà á tí tábìlì tẹ́ ẹ nù gbẹ láàárọ̀ fi ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ tó bá di alẹ́, òun náà ló ń jẹ irin inú yàrá tí òjò ò dé rí. Ẹ wá fi iyanrìn kún un, ẹ fi oòrùn tó ń ṣá aṣọ kún un, ẹ fi ooru ilé tí wọ́n tì pa kún un. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ bi í bóyá ó lè fara da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, ẹ̀yìn ìyẹn lẹ tó máa bi í bóyá ó rẹwà.

* * *

Ẹ jẹ́ ká mú ti funfun kúrò nílẹ̀, torí mo ti ka ohun táwọn èèyàn kọ sábẹ́ ìbéèrè yìí, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ ló gbè sẹ́yìn ọkọ. Wọ́n ní funfun ń jẹ́ kí yàrá fẹ̀ lójú, ó ń jẹ́ kára tu èèyàn, ó sì bá òkun mu. Mi ò sọ pé irọ́ ni. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ etí òkun kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ tá a mọ̀ láàárín ìgboro, ó ń ti ojú ọ̀run bọ̀, ó ń ti ojú omi bọ̀, ó tún ń ti ilẹ̀ bọ̀. Iyanrìn gbígbẹ nìkan ń dá nǹkan bíi 15% UV, ìyẹn ìtànṣán oòrùn tójú ò lè rí, padà, ìfófòó ìgbì ń dá nǹkan bíi 25% padà, ìmọ́lẹ̀ tá a fojú rí náà sì ń ta padà bẹ́ẹ̀. Ká wá lọ fi ògiri funfun tó ń dán gbinrin dúró de ìyẹn, nínú pálọ̀ tó kọjú sómi tààrà? Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án, á kàn máa fún ojú pọ̀ ni.

Mo mọ ìdílé kan tó jẹ́ pé torí kí wọ́n lè máa rí òkun ni wọ́n ṣe ra ilé, wọ́n kun pálọ̀ ní funfun dídán láti òkè délẹ̀, wọ́n wá ń fa kọ́tìnì bo òkun yẹn láàárọ̀ dalẹ́ torí pé ojú ń ta wọ́n. Ògiri tó dojú kọ fèrèsé nìkan la tún kùn, a fi àwọ̀ iyanrìn tútù sí i, ọ̀dà tí kì í dán, ó sì tán, wọ́n ṣí kọ́tìnì sílẹ̀.

Nítorí náà, ibi tí funfun máa wà ló ṣe kókó. Ògiri tí ìmọ́lẹ̀ ń lù lójú, ẹ fún un ní àwọ̀ tó rọ̀, bíi iyanrìn, bíi amọ̀, bíi ewé tó ti ń gbẹ. Ògiri tí fèrèsé wà lára ẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ fi funfun sí, àti férémù, àti inú ihò fèrèsé yípo. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe òdìkejì ẹ̀. Ògiri yẹn ló máa ń ṣókùnkùn jù téèyàn bá ń wo ìta, òkùnkùn ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìmọ́lẹ̀ ìta ló ń dun ojú, tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó mọ́, ojú á sinmi. Òkè àjà, funfun náà ni, kò sí wàhálà níbẹ̀.

Búlúù ńkọ́? Òkun ti gbé búlúù tó pọ̀ wá fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń yí padà láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Búlúù inú ọ̀dà ò lè bá a díje, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ńṣe ló máa ń jọ aṣọ tó ti ṣá. Ẹ gbé e lọ sí yàrá tí ò kọjú sómi, ibẹ̀ ló ti máa gbayì.

Ohun kan tó ju àwọ̀ lọ nìyí o: kẹ́ni tó ń kùn ún fi omi tí ò níyọ̀ fọ ògiri náà kó tó kùn ún, kó sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Tó bá kun ọ̀dà lé iyọ̀ lórí, á bó, kì í pẹ́ rárá, orúkọ yòówù kó wà lára agolo. Ẹ má sì fi wọ́lípépà onírọ́bà sí ògiri kankan níbẹ̀, ọ̀rinrin á há sẹ́yìn ẹ̀, ibẹ̀ á bu, ẹ ò sì ní rí i títí tó fi máa rùn.

* * *

Ẹnì kan béèrè pé ṣé òótọ́ ni pé ọ̀dà tí kì í dán ò ṣe é fọ̀. Ti àtijọ́ nìyẹn. Ẹ béèrè fún èyí tó ń dán díẹ̀ báyìí, ó wà láàárín dídán àti aláìdán, ó ṣe é nù. Nínú báfù àti kíṣìnì ẹ wá èyí tí wọ́n fi oògùn tí kì í jẹ́ kógiri bu sí. Ẹni tó bá ní ògiri sìmẹ́ńtì tàbí bíríkì àtijọ́ lè lo ọ̀dà ẹfun tí wọ́n ń pè ní limewash, ògiri á lè máa mí, èròjà ẹfun náà sì le débi pé èbu ò fẹ́ràn àtihù lórí ẹ̀. Òun ò ṣe é fi tawẹ́ẹ̀lì tútù gbo lójoojúmọ́ ṣá o.

* * *

Ilẹ̀ ni mo fẹ́ ká jókòó tì, torí ibẹ̀ lowó ń bá lọ. Àwọn kan nínú yín ní ẹni tó bá gbé igi sí ilé etí òkun fowó ṣòfò ni. Àwọn kan ní táìsì ò lẹ́mìí, pé ó tutù, ó jọ ilé ìwòsàn. Ìyá àgbà kan sì ní sìmẹ́ńtì lásán tí wọ́n fi màṣíìnì dán ló dáa jù, mo gbà fún wọn ju gbogbo yín lọ, màá sì sọ ìdí ẹ̀.

Iyanrìn ọ̀pọ̀ etí òkun, quartz, ìyẹn òkúta líle kan, ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n Mohs tí wọ́n fi ń wọn líle òkúta, tó ti 1 dé 10, quartz wà ní 7, gíláàsì fèrèsé wà ní nǹkan bíi 5.5, mábù wà ní 3 péré. Èyí tó bá le ló ń ha èyí tó rọ̀. Gbogbo ẹsẹ̀ tó bá ti ìta wọlé sórí mábù tàbí sórí pákó tí wọ́n fi fáníìṣì kùn, sáńpépà ló ń fi rìn. Àwọn etí òkun kan wà tó jẹ́ ìkarawun àti iyùn tó ti lọ̀ kúnná ni iyanrìn wọn, ìyẹn rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ òun náà ò ní fi fáníìṣì sílẹ̀ lọ́nà tó bá a. Torí náà, ẹ gbàgbé mábù. Ẹni tó ń tà á lè sọ ohun tó bá wù ú.

Táìsì porcelain, ìyẹn táìsì amọ̀ tí wọ́n fi iná sun tó le gan-an, lèmi máa ń sọ fún ilẹ̀ pálọ̀ àti ọ̀nà àbáwọlé. Omi tó lè mu ò ju 0.5% ìwúwo ẹ̀ lọ, iyọ̀ ò rọ́nà wọ inú ẹ̀. Kó má dán. Ibi tí wọ́n ti ń ṣi èèyàn lọ́nà nìyí: ẹ ó rí nọ́ńbà R9 dé R13 lára páálí, wọ́n á ní R10 ti tó, kò ní yọ̀. Bàtà ni wọ́n fi wọn nọ́ńbà yẹn! Òṣùwọ̀n ẹsẹ̀ lásán tó tutù wà lọ́tọ̀, A, B àti C ni wọ́n ń kọ, A ló kéré jù, C ló ń di ẹsẹ̀ mú jù. B ni kẹ́ ẹ wá fún báfù àti ẹnu ọ̀nà, ilé yín ni wọ́n ti máa ń fẹsẹ̀ lásán rìn, kì í ṣe ilé iṣẹ́. Nínú ṣáwà, táìsì kéékèèké dáa ju ńlá lọ, torí ojú ìlà tó wà láàárín wọn ń di ẹsẹ̀ mú. Nínú pálọ̀, ẹ yí i padà, kó jẹ́ ńláńlá, kí ojú ìlà dín kù, inú ìlà yẹn ni iyanrìn máa ń há sí tí ìgbálẹ̀ ò ní ká a.

Igi wá ńkọ́? Igi ò burú, ibi tí wọ́n ń gbé e sí ló ń burú. Pákó fífẹ̀ tó nípọn, tó jẹ́ igi kan ṣoṣo, tí ọ̀rinrin bá wọ̀ ọ́ á wú, etí ẹ̀ méjèèjì á gbé sókè, àárín á jìn. Ẹ lò ó nínú yàrá ibùsùn tó jìnnà sẹ́nu ọ̀nà, ẹ wá èyí tí wọ́n fi igi pẹlẹbẹ lẹ ara wọn ní ìpele ìpele tí tòkè nìkan jẹ́ igi gidi, ìyẹn kì í yí ara ẹ̀ pọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí káfíńtà fi àyè sílẹ̀ nídìí ògiri yípo kígi lè rí ibi wú sí. Epo ni kẹ́ ẹ fi pa á, ẹ má fi fáníìṣì. Ibi tí iyanrìn bá ha lára igi tí wọ́n fepo pa, ibẹ̀ nìkan lẹ máa fi sáńpépà rọra fọ̀ kẹ́ ẹ tún fepo pa. Fáníìṣì ò gba irú ẹ̀, gbogbo yàrá lẹ máa ha. Irú igi tó dáa ni teak àti ìrókò, àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ti ń lò wọ́n tipẹ́tipẹ́, epo inú ara wọn kì í jẹ́ kí wọ́n tètè rà.

Ìdí tí mo fi gbà fún ìyá àgbà ni pé sìmẹ́ńtì dídán ò lójú ìlà kankan, ó ṣe é fi omi gbá, tó bá sì ha kò hàn. Kí wọ́n sáà rí i pé kò ń yọ̀, kí wọ́n sì fi nǹkan tó ń dí ihò ara ẹ̀ kùn ún. Ẹni tówó ẹ̀ ò tó, tí sìmẹ́ńtì ilẹ̀ ẹ̀ sì tẹ́jú, kó má wulẹ̀ ra nǹkan kan.

* * *

Gbogbo ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn kò tó ohun tí mo fẹ́ sọ yìí: ẹ má jẹ́ kí iyanrìn wọlé. Ṣáwà kékeré níta, kó ga dé orúnkún nìkan ti tó, ìjókòó onípákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìkọ́ fún tawẹ́ẹ̀lì tútù, àti ẹní méjì, ọ̀kan tó le tó sì láwọn ihò fún ìta, ọ̀kan tó ń mu omi fún inú. Omi ẹsẹ̀ yẹn, kó ṣàn lọ sínú òkúta wẹ́wẹ́ tàbí inú ihò tẹ́ ẹ lè máa kó iyanrìn jáde nínú ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ gba páìpù inú ilé, á dí i pa. Mo ti rí ilé tí wọ́n ná owó ńlá lé ilẹ̀ ẹ̀ tí kò ní ẹ̀rọ omi kan níta, ó máa ń bà mí nínú jẹ́ gan-an ni.

* * *

Ti irin. Ẹnì kan sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú pé kẹ́ ẹ ra stainless, ìyẹn irin tí kì í tètè dógùn-ún, kẹ́ ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ojúlówó ni. Mi ò fara mọ́ ọn rárá, ọ̀rọ̀ yìí ti ná ọ̀pọ̀ èèyàn lówó. Oríṣi stainless tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní 304, ti ẹ̀bá òkun ni 316, ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù ni èròjà kan tó ń jẹ́ molybdenum, nǹkan bíi 2 sí 3%, tí wọ́n fi sínú 316, òun ló ń bá iyọ̀ jà. Àwọn méjèèjì ni mágínẹ́ẹ̀tì kì í sábà lẹ̀ mọ́! Kí mágínẹ́ẹ̀tì wá sọ kí ni fún yín? Ohun tí wọ́n kọ sára páálí tàbí sára irin náà lẹ máa wò, tí wọn ò bá kọ 316 síbẹ̀, ẹ gbà pé 304 ni.

316 náà máa ń ní àbàwọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tẹ́ ẹ ò bá fọ̀ ọ́, pàápàá èyí tí ara ẹ̀ rí gbágungbàgun, èyí tó dán dáadáa ló ń pẹ́. Ohun tó máa ya yín lẹ́nu ni pé irin tó wà lábẹ́ òrùlé báńkóní sábà máa ń tètè bà jẹ́ ju èyí tó wà níta gbangba lọ, torí òjò ń fọ tìta, kò sẹ́ni tó ń fọ tabẹ́ òrùlé.

Ẹ tún kíyè sí ibi tí irin méjì ti pàdé. Tí wọ́n bá fi skúrù stainless kan férémù àlùmíníọ̀mù, tí omi iyọ̀ sì dé àárín wọn, àlùmíníọ̀mù ló máa jìyà ẹ̀, ẹ ó rí ìyẹ̀fun funfun yí skúrù ká. Kí wọ́n fi wáṣà ike sáàárín. Ó kéré lójú, àmọ́ òun ló ń mú kí ilẹ̀kùn jábọ́.

Ibi tí mo bá ti lè yẹra fún irin, mo máa ń yẹra fún un. Ọ̀pá kọ́tìnì, igi. Ọwọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, igi tàbí kí wọ́n kàn gé ihò ìka sí i. Híńjì nìkan ni kò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti náwó.

* * *

Fèrèsé ṣíṣí àbí AC? Ìjà yìí ò tán rí. Ẹgbẹ́ kan ní kí ló dé téèyàn máa ní ilé létí òkun táá tún tilẹ̀kùn mọ́ AC. Ẹgbẹ́ kejì ní gbogbo nǹkan tí fèrèsé ṣíṣí ń gbé wọlé ló ń ba ilé jẹ́. Àwọn méjèèjì sòótọ́, àsìkò ni wọn ò wò.

Lọ́sàn-án, ilẹ̀ tètè ń gbóná ju omi lọ, afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ á gòkè, ti òkun á wọlé wá dípò ẹ̀, iyọ̀ sì ń bá a bọ̀. Lóru, ilẹ̀ á tètè tutù, afẹ́fẹ́ á wá máa ti ilẹ̀ lọ sójú omi. Tójú ọjọ́ bá dákẹ́ tí ìjì ò sí, bó ṣe ń rí nìyẹn. Nítorí náà lálẹ́, ẹ ṣí fèrèsé tó wà lẹ́yìn ilé, kí afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀ wọlé kó gba tòkun jáde, ẹ ó rí oorun sùn, iyọ̀ ò sì ní wọlé púpọ̀. Lọ́sàn-án, ẹ ṣí ti òkun nígbà tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀, nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbádùn ẹ̀, ẹ sì tì í tẹ́ ẹ bá ti jáde. Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, kó jẹ́ ti fiberglass, ìyẹn òwú gíláàsì, ti àlùmíníọ̀mù á fọ́ sí wẹ́wẹ́.

AC, ẹ má ra èyí tó tóbi ju yàrá lọ. Èyí tó tóbi jù á mú yàrá tutù kíákíá, á sì dákẹ́ kó tó fa ọ̀rinrin tó pọ̀ jáde, yàrá á tutù, á sì rin. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni kọ́tìnì ti máa ń bu. Ẹ̀rọ tó wà níta, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí ò kọjú sómi, kẹ́ ẹ sì máa fi omi tí ò níyọ̀ rọra ṣan ara ẹ̀. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin, kì í wọ́n, ẹ gbé e kọ́. Tó bá ti ń ju 60% lọ lemọ́lemọ́, èbu ń bọ̀, ẹ ṣe nǹkan kan.

* * *

Àga àti aṣọ. Wọ́n ní kẹ́ ẹ ra olówó pọ́ọ́kú kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀. Fún èèpo àga, mo gbà. Fún egungun àga àti fóòmù, rárá.

Èèpo tó ṣe é bọ́ kúrò, tó ṣe é fọ̀ nínú màṣíìnì, ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n rán, méjì méjì fún àga kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan wà lára àga, ọ̀kan nínú àpótí. Lílẹ́ẹ̀nì àti òwú dáa lára, àmọ́ ẹ gbà pé wọ́n á ṣá. Oríṣi UV méjì ló ń dé ọ̀dọ̀ wa, UVA àti UVB: gíláàsì fèrèsé lásán ń dá ọ̀pọ̀ UVB dúró, àmọ́ púpọ̀ nínú UVA ń gbà á kọjá, nínú ilé náà ni oòrùn ti ń ṣá nǹkan. Gíláàsì onípele méjì tí wọ́n fi ike lẹ̀ láàárín ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú UV dúró, ṣíṣá aṣọ á falẹ̀, kò ní tán, torí ìmọ́lẹ̀ àti ooru náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Fún àga tó wà nídìí fèrèsé, acrylic, ìyẹn òwú àtọwọ́dá, tí wọ́n ti po àwọ̀ mọ́ kí wọ́n tó fà á di òwú ló ń pẹ́ jù, torí àwọ̀ wà dé inú, kì í ṣe ojú nìkan ni wọ́n rẹ ẹ́.

Ẹ ní ẹ fẹ́ àga tẹ́ ẹ lè fi aṣọ tútù sùn lé. Fóòmù lásán á mu omi yẹn, á gbé e pamọ́, á rùn. Irú fóòmù kan wà tó láwọn ihò ńlá, omi ń gbà á kọjá, wọ́n ń lò ó fún àga ọkọ̀ ojú omi, òun lẹ máa béèrè, kí ìdí àga náà sì jẹ́ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó láàyè láàárín kì í ṣe pákó tó dí pa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ibùsùn.

Pankẹ́rẹ́ àbí ike tí wọ́n hun bíi pankẹ́rẹ́? Nínú ilé tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, pankẹ́rẹ́ gidi, ó rẹwà, ó fúyẹ́, ó ń mí. Lórí báńkóní, ike. Ẹ má ṣe gbé ojúlówó síta kẹ́ ẹ wá máa ṣàánú ẹ̀.

Awọ, rárá o. Nínú ilé tí wọ́n tì pa, awọ ni nǹkan àkọ́kọ́ tó máa ń bu.

* * *

Ìkarawun àti okùn lára ògiri: mi ò bá yín jà sí i, àmọ́ òkun wà lójú fèrèsé, kí lẹ fẹ́ fi àwòrán ẹ̀ ṣe? Ìkarawun tí àwọn ọmọ yín bá fọwọ́ ara wọn ṣà, ẹ kó o jọ sínú abọ́ kan, ìyẹn ní ìtumọ̀. Dígí ńlá ló dáa jù fún ògiri kékeré, ẹ béèrè èyí tí wọn ò fi kọ́pà sẹ́yìn ẹ̀, tí wọ́n sì dí etí ẹ̀, torí dígí lásán máa ń dúdú láti etí wọlé.

Gílóòbù náà, ẹ kíyè sí i. Tí ìjàpá òkun bá ń yé ẹyin sí etí òkun yín, àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa máa ń lọ síbi tó bá mọ́lẹ̀ jù, ojú omi ló sì yẹ kó jẹ́ lóru. Iná pálọ̀ yín lè fà wọ́n sí orí ilẹ̀, wọ́n á kú síbẹ̀. Kọ́tìnì tó nípọn fún fèrèsé òkun lálẹ́, àti iná aláwọ̀ ọsàn tó wálẹ̀ dípò funfun. Èyí ni mi ò ní gbà kẹ́nikẹ́ni bá mi jiyàn lé lórí.

* * *

Ẹ tún béèrè pé káfíńtà yín ní MDF lòun máa fi ṣe kíṣìnì torí ó ń dán, ó sì pọ́ọ́kú. Tí omi bá wọ etí MDF, á wú, kì í sì padà. Plywood tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tí omi ò lè tú lẹ̀ ni, kí wọ́n dí gbogbo etí, kí ìdí kọ́bọ́ọ̀dù dúró lórí ẹsẹ̀, kó má kan ilẹ̀. Ẹ bù ú díẹ̀díẹ̀ tówó ò bá tó, kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ nìkan ná, tòkè lè dúró.

* * *

Ó dáa, ta ló jàre. Aya jàre lórí igi àti àga, ọkọ jàre lórí pé kí ilé mọ́lẹ̀. Kí àríyànjiyàn àwọ̀ dúró ná. Ṣáwà ìta àti ìjókòó ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, kò tó nǹkan lówó. Lẹ́yìn náà, híńjì, skúrù àti ọwọ́ ilẹ̀kùn, torí wọ́n ti wà níbẹ̀, wọ́n sì ti ń dógùn-ún lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin, torí ẹ̀yin kì í gbé ibẹ̀. Ibùsùn tó dáa. Ilẹ̀, tówó bá dé. Ọ̀dà lẹ́yìn ilẹ̀, kẹ́ ẹ ra agolo kékeré mẹ́ta, ẹ kùn wọ́n sára páálí ńlá, ẹ gbé wọn kọ́ sí pálọ̀, ẹ wò wọ́n láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, ẹ̀yin méjèèjì á yàn án pa pọ̀. Tábìlì àárín, sélífù, àwòrán, gbogbo ìyẹn lè dúró.

Tẹ́ ẹ bá sì ń tì í pa, ẹ fa àga kúrò lára ògiri kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù sílẹ̀, ẹ kó gbogbo nǹkan inú fíríìjì jáde kẹ́ ẹ fi nǹkan há ẹnu ẹ̀, ẹ fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi aláìníyọ̀ nu gbogbo irin kẹ́ ẹ sì nù ún gbẹ. Ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin, ẹ yí i sí 55%, kẹ́ ẹ so rọ́bà tín-ín-rín mọ́ ọn tó máa gbé omi ẹ̀ lọ sínú ihò báfù, torí tí omi bá kún ike inú ẹ̀, á dákẹ́, kò sì ní sẹ́ni tó máa dà á nù.